Ọjọ́ Orí Mẹ́ta Tí Nọ́ọ̀sì Àníkẹ́ Ní

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí Àníkẹ́ Adébíyìí láràárọ̀, kí wọ́n tó wá sọ fún mi ní ọjọ́ Sátidé kan pé èmi ni mo dàgbà jù ú lọ. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Bí ẹ bá rí i pé Àníkẹ́ ṣákálá ni mò ń pè é nínú ìtàn yìí, kì í ṣe àfojúdi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Sùmáyà lorúkọ mi. Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìjọba kan báyìí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn aláboyún ti ń bímọ, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀, èmi ni mò ń fọ aṣọ ibùsùn, èmi ni mò ń gbé omi gbígbóná, èmi náà ni mo sì ń di ọwọ́ obìnrin mú nígbà tó bá ń ké pé òun ò bí mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Àníkẹ́ ni nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí. Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Àbújá.

Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa gbójú lé. Bí aláboyún bá dùbúlẹ̀, Àníkẹ́ á fi ọwọ́ ra ara wọn kí wọ́n lè móoru, á gbé wọn lé ikùn náà, á wá di ojú. Tó bá ṣe díẹ̀, á ní, "Orí ọmọ ti wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lápá òsì. Sùmáyà, kí ẹ tó kí ìrun Àsárì, ó ti dé." Kírísítẹ́ẹ́nì ni o, ṣùgbọ́n ìrun wa ló fi ń dá àkókò nítorí kó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí n tó ṣe àlùwàlá tán ni mo ti ń gbọ́ igbe ọmọ.

Ẹnu rẹ̀ mú o. Ó bá ọkùnrin kan níta níbi tó ti ń tẹ fóònù nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ó ní, "Bàbá ọmọ, ṣé fóònù yẹn ló máa bá wa gbé ọmọ náà ni?" Ọkùnrin náà sọ fóònù sápò kíá. Irú obìnrin tí mò ń sọ nìyẹn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú débi pé bó bá ń bọ̀, ilẹ̀kùn á fẹ́ ṣí ara rẹ̀ fún un.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni nǹkan bàjẹ́. Ìyàwó ọlọ́kadà kan wá bímọ. Obìnrin náà ò ṣe síkáànù, àyẹ̀wò ẹ̀rọ tó ń fi ọmọ inú hàn, rí, ìrọbí ló gbé e wá. Àníkẹ́ gbé ọwọ́ lé ikùn, ó di ojú, ó ní, "Ọmọ kan ni. Ó sígbọnlẹ̀ díẹ̀." Ọkọ gbọ́, ó dúpẹ́, ó ní òun ń lọ ra aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ọmọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọmọkùnrin fi dé, ó pariwo, inú gbogbo wa dùn.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún ìyá bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, kí ilé ọmọ lè fún pọ̀, kí ibi ọmọ jáde, kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀ jù. Àníkẹ́ ti fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ òsì lé ikùn obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe máa ń ṣe kó tó gún un. Mo rí ojú rẹ̀. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. Ó ní, "Sùmáyà, sáré pe dókítà." Kí èmi àti dókítà tó dé, ibi là ń retí, ọmọ la bá. Obìnrin ni, ó kéré, ṣùgbọ́n ó mí, ó ké, Àlùhámdúlíláhì.

Nílẹ̀ yìí, níbi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí ìbejì ò sí, kí agbẹ̀bí àgbà má mọ̀ pé ìbejì ló wà nínú! Ìyá ọlọ́kadà náà, tó bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá, ò tiẹ̀ bínú, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, Táyé délé, ẹ ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó rán an níṣẹ́?" Ilé ìwòsàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣe àwàdà. Àníkẹ́ náà rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lẹ́yìn ilé níbi tí mo máa ń sá aṣọ sí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ yẹn, Sùmáyà. Ká ní mo ti gún un."

Mo ní, "Ẹ ò ṣáà gún un."

"Ká ní mo gún un ńkọ́? Ilé ọmọ á fún mọ́ ọmọ kejì nínú. Á kú sọ́wọ́ mi."

"Ọwọ́ yín kan náà ló dá yín dúró, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọwọ́ kan náà ló kọ́kọ́ purọ́ fún mi." Ó wo ọwọ́ náà. "Ọgọ́ta ọdún ń bọ̀ lóṣù kẹwàá. Ó ti dé sọ́wọ́ ná, ó kù kó dé sí ìyókù."

Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Bí aláboyún bá dùbúlẹ̀, á ní kí nọ́ọ̀sì kékeré wò ó. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà lọ ilé ẹ̀kọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ di orúnkún mú bó bá fẹ́ dìde, orúnkún tí kò dùn ún rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè láti Àbújá, "Mọ́mì, ẹ ti ṣe tó, ẹ lọ sinmi." Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ń kí i pé, "Ẹ kú oríire, Màmá, ìsinmi dé." Gbogbo wa ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Bí ènìyàn mẹ́wàá bá sọ fún ọ lóòjọ́ pé ó ti rẹ̀ ọ́, lálẹ́ ìwọ náà á máa wá ibi tí wàá fẹ̀yìn tì.

Oṣù kẹwàá dé, wọ́n ṣe ìdágbére fún un, wọ́n fún un ní aago ara ògiri. Ó lọ sílé. Mo máa ń lọ kí i bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́, mà á bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò wò. Obìnrin tó ti gba ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ò lè ka iye wọn mọ́, ó wá jókòó, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà tí ó ti ṣà láàárọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́.

Ẹniolúwa ló kọ́kọ́ wá bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Ẹniolúwa, ọwọ́ Àníkẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó ṣí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan sí ojú ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n. Ó ní, "Màmá, àwọn obìnrin ń wá, èmi nìkan ni. Ẹ wá bá mi jókòó, ẹ kàn máa fi ọwọ́ wò wọ́n, èmi á ṣe ìyókù."

Àníkẹ́ ní, "Ọwọ́ wo?"

Èmi wà níbẹ̀. Mo ní, "Ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, Ẹ̀gbọ́n."

Ó dá mi lóhùn kíákíá, "Ojú náà ti ń ṣú, Sùmáyà. Ẹ wá ẹlòmíì." Ẹniolúwa kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àníkẹ́ ò yí ohùn padà. Ó sì dá mi lójú pé bó bá fi ọdún kan jókòó sórí àga yẹn, kò ní fi ọwọ́ kan aláboyún mọ́ láyé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fẹ́ ra gààrí ní Ẹdúnàbọ̀n. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ, kó lè kí ìyá rẹ̀. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣì ń bó ẹ̀gúsí. Bí a ṣe jókòó, Àníkẹ́ sọ fún un pé òun ti fẹ̀yìn tì.

Màmá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ẹ̀yìn kí lo fẹ̀ tì?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá. Mo ti pé ọgọ́ta."

"Ta ló pé ọgọ́ta?" Ohùn Màmá le. "Ìwọ Àníkẹ́? Ṣé ìwọ lo bí ara rẹ ni? Ọdún Àgbẹ́kọ̀yà ni mo bí ọ! Bàbá yín ò sí nílé, ó wà ní ahéré níbi tó ti ń sá fún àwọn agbowó-orí. Nígbà tí ilé ìwé dé, tíṣà ní kí o na ọwọ́ kọjá lórí kó kan etí kejì, ọwọ́ ò kan etí. Kékeré bíńtín ni ọ́. Ni bàbá yín bá fi ọdún kún ọdún. Kí ni wọ́n ń pè ní ọgọ́ta? Lọ ṣiṣẹ́ o jàre."

Mo ti ń fi ìka ka ọdún kí Màmá tó sọ̀rọ̀ tán. Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 nìyẹn. Mo tún un kà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Àníkẹ́! Èmi jẹ́ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, bàbá mi kọ tèmi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, kò sí magomágo kankan níbẹ̀. Mo pariwo, "Háà! Ẹ̀gbọ́n mi dà? Àbúrò mi ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún?"

Àníkẹ́ ò wò mí. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ó dáa, Màmá. Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Nínú takisí tí a wọ̀ padà sí Ifẹ̀, mo ní láti ọ̀la lọ, òun ni kó máa kúnlẹ̀ kí mi. Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àníkẹ́ ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n Sùmáyà," ó sì tẹ orí ba bí ọmọ ilé ìwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó dápàárá. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e tó parí, ó pe Ẹniolúwa, ó ní òun ń bọ̀ ní oṣù kìíní ọdún.

Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe yí padà! Orúnkún tó ń fi ọwọ́ dì mú, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dirun. Gbogbo ẹni tó bá béèrè, á ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí o, fáìlì ìjọba ló ṣì mí lé kúrò." Èmi náà máa ń lọ bá wọn tún ibẹ̀ ṣe ní ọjọ́ Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, tí n bá sì dé, á kígbe pé, "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi!" Mo ń yangàn. Ta ni kò fẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n?

Àmọ́ ó mú òfin mẹ́ta dé ibẹ̀ tí èmi ò rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èkíní, kò sí aláboyún tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe síkáànù. Èkejì, bí òun bá ti fi ọwọ́ wo ikùn, Ẹniolúwa náà gbọ́dọ̀ wò ó. Kò ní sọ ohun tí òun rí. Kálukú á kọ tirẹ̀ sórí ìwé pélébé, wọ́n á wá fi wé ara wọn. Bí kò bá bára mu, ọkọ̀ ni wọ́n máa pè, wọ́n á gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe iṣẹ́ òru. Mo bi í pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta wo ni kò lè ṣe iṣẹ́ òru. Ó ní, "Oorun dùn mọ́ àbúrò rẹ, Ẹ̀gbọ́n." Mo rò pé àwáwí ni, pé ó kàn fẹ́ kọ́ Ẹniolúwa ní iṣẹ́ ni.

Láti oṣù kìíní di ìparí oṣù kẹfà, ọmọ mọ́kànlélógójì ni wọ́n gbà níbẹ̀. Kò sí ìyá tó sọnù, kò sí ọmọ tó sọnù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwé pélébé ò bára mu, wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, gbogbo wọn ló padà wá dúpẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí wá láti àwọn ahéré tó jìnnà.

Oṣù keje ni Ọláwọlé, àbúrò Àníkẹ́ lọ́kùnrin, wá kí ìyá wọn láti Ìlọrin. Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo lọ gbé ẹja fún Màmá. Màmá ń sùn. Àwàdà lèmi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó máa fi ọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, torí mo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá lọ, wọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dún Àgbẹ́kọ̀yà.

Ọláwọlé wò mí títí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni wọ́n bí lọ́dún Àgbẹ́kọ̀yà! Èmi ni ìyá mi bí nígbà tí bàbá mi ń sá kiri. Èmi náà ni ọwọ́ mi ò kan etí. Ọdún tí wọ́n parí ogun abẹ́lé ni wọ́n mú Ẹ̀gbọ́n wọ ilé ìwé. Bí ó bá jẹ́ 1968 ni wọ́n bí wọn, ṣé ọmọ ọdún méjì ló gbé síléètì lọ sí kíláàsì?"

Ojú tì mí. Ìṣirò ọmọ kékeré tí èmi ò ṣe nìyẹn. Ó wọlé, ó gbé Bíbélì bàbá wọn jáde, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ bàbá wọn ló wà níbẹ̀, pẹ́ńsùlù ni ó fi kọ ọ́: Àníkẹ́, oṣù kẹta, 1962. Ọláwọlé, 1968. Ọláwọlé ní Àníkẹ́ ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó mú un lọ sí ilé ìwé, nítorí Àníkẹ́ ló ń bá ìyá wọn ṣiṣẹ́ oko. Bàbá wá dín ọdún méjì kúrò kí tíṣà lè gbà á. Fáìlì ìjọba ní ọgọ́ta, Màmá ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni òótọ́.

Nítorí ọgọ́ta, obìnrin yìí ti gbé ọwọ́ sílẹ̀. Kí ló máa ṣe bó bá gbọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta? Ọláwọlé náà rò ó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn o." Mo ní n ò ní sọ. Mo fi Ọlọ́hun búra.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ rẹ́rìn-ín yín. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì ń dà mí láàmú. Bó bá ní "Ẹ̀gbọ́n", mà á fẹ́ sọ ọ́. Bí mo bá rí aláboyún tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, mà á rántí pé ẹ̀mí méjì ló wà níbẹ̀, mà á gbé e mì padà.

Ní ọjọ́ Sátidé kejì, mo ń gbé garawa omi kọjá. Ẹ̀yìn ń ro mí láti àárọ̀, èmi náà ti ń gbèrò pé kí n kọ̀wé kí n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kó tó tó àkókò. Àníkẹ́ gba garawa náà lọ́wọ́ mi lójú gbogbo àwọn tó jókòó, ó ní, "Ẹ lọ sinmi jàre, Ẹ̀gbọ́n Sùmáyà. Ẹ̀yin ti dàgbà. Kí àwa ọmọdé ṣe é."

Inú bí mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fà á wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọmọdé wo? Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni yín! Ó wà nínú Bíbélì bàbá yín, Ọláwọlé fi hàn mí. Òun ni wọ́n bí lọ́dún Àgbẹ́kọ̀yà. Màmá ṣì í sọ ni!"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde báyìí, mo fẹ́ kó o padà. Mo di ẹnu mú. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ má tìtorí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Orí mi ló dàrú."

Àníkẹ́ gbé garawa sílẹ̀. Ó jókòó sórí páálí oògùn. Ó ní, "Sùmáyà, ta lo rò pé ó pọn Ọláwọlé lọ́dún tí bàbá wa ń sá? Èmi ni. Mo ṣì rántí bó ṣe ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Ṣé ẹni tí wọn ò tíì bí ló máa ń pọn ọmọ?"

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí Màmá sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ Ọláwọlé ló ń sọ. Orí arúgbó ti pa àwa méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ti sọ fún mi fún oṣù mẹ́jọ pé mo ti darúgbó, ọwọ́ mi sì gbà yín gbọ́. Mo wá ní, bí ẹnu bá lè sọ ọwọ́ di arúgbó, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìyá mi sọ ọ́ di ọ̀dọ́ fúngbà díẹ̀, kí n fi wò ó. Nígbà tí a gba ọmọ bíi mẹ́wàá, mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ ọdún kọ́. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ yẹn, Sùmáyà. Ẹ̀rù ni mo pè ní ogbó."

Mo ní, "Síkáànù yẹn ńkọ́? Ìwé pélébé? Iṣẹ́ òru tí ẹ kì í ṣe?"

"Ìyẹn ni iṣẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọ̀dọ́ kì í pe ẹlòmíì kó wá yẹ iṣẹ́ òun wò. Èmi gbọ́dọ̀ pè é. Ọwọ́ mi gbọ́n, àmọ́ ó lè ṣì, mi ò ní jẹ́ kó dá nìkan ṣe é mọ́."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa pe ara mi ní ẹ̀gbọ́n yín láti ọjọ́ náà wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń dùn mọ́ ọ nínú. Kí ni kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ sí?" Ó wá wo ẹ̀yìn mi tí mo fi ọwọ́ dì mú. "Ìwé tí o fẹ́ kọ yẹn, má ì kọ ọ́. Ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, kì í ṣe ọdún. Lọ tọ́jú ẹ̀yìn ná." Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ kọ ìwé kankan o. Mo bú sẹ́kún gidi.

Ẹniolúwa kan ilẹ̀kùn, ó ní obìnrin kan ti dé láti ahéré, ìrọbí ti mú un. A jáde. Ìyá ọkọ obìnrin náà ló gbé e wá, arúgbó tó dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Ó wo Ẹniolúwa, ó wo Àníkẹ́ láti òkè délẹ̀, ó wo irun rẹ̀ níbi tí ewú ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Àkọ́bí ọmọ mi ló wà nínú yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbà á, ọdún mélòó ni yín?"

Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló mọ èsì rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹniolúwa tiẹ̀ ti la ẹnu láti bá a dáhùn. Èmi ń wo ilẹ̀.

Àníkẹ́ ń fi ọwọ́ ra ara wọn kí wọ́n lè móoru. Ó ní, "Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Màmá. Ẹ sọ fún un kó dùbúlẹ̀."

Arúgbó náà tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló di ìyàwó ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó sì ràn án lọ́wọ́ gun ibùsùn.